Ìdérí Táǹkì Kẹta

Kí n tó dé Kánádà ni mo ti purọ́ tó lè kún inú ọkọ̀ ojú omi. Mo sọ fáwọn èèyàn pé ẹ̀yìn àgbọ̀nrín ni mo máa ń gùn lọ síléèwé, pé ọjọ́ tí àgbọ̀nrín náà kú ni ẹ̀kọ́ mi parí, ní kíláàsì kẹrin. Àwọn kan gbà á gbọ́. Obìnrin kan tiẹ̀ bá mi kẹ́dùn àgbọ̀nrín náà. Nítorí náà, mi ò ní bínú sí ẹni tó bá ka èyí, tó ní irọ́ ni.

Ọmọ mi obìnrin ló mú mi wá síbí kí n wá máa bá òun gbé ní Springdale. Ilé sú mi. Bí mo bá fi Yorùbá kí àwọn ọmọ ọmọ mi, wọ́n á fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á sì wọ yàrá lọ. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, èmi àti fíríìjì la jọ ń wo ara wa. Nígbà tó yá, obìnrin ará Ìbàdàn kan tí òun àti ọmọ mi jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì sọ pé níbi iṣẹ́ òun, wọ́n ń wá ẹni tó lè máa fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lórí àtẹ̀gùn, kó sì máa ṣí géètì fáwọn ọkọ̀ táńkà. Bí mo ṣe di òṣìṣẹ́ nìyẹn, lẹ́ni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tí obìnrin ará Ìbàdàn náà, tí mo lè bí lọ́mọ, di ọ̀gá mi.

Ọgbà náà wà lẹ́yìn àwọn ilé ìkẹ́rùsí kan lápá Meadowvale. Tíńnà ni wọ́n ń tọ́jú síbẹ̀, àtàwọn omi mìíràn tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, irú omi tí èèyàn ò gbọdọ̀ ṣáná sí nítòsí. Táǹkì márùn-ún ló tò síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó ilé alájà méjì. Funfun ni wọ́n kùn wọ́n. Bí yìnyín bá ń já bọ́, a kì í rí wọn mọ́. Àtẹ̀gùn dúdú tó yí wọn ká nìkan là ń rí, tó ń yí lọ sókè, tó ń yí lọ sókè, lára nǹkan tí kò sí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀gá mi mú mi gun orí táǹkì. Ó nàka sí irin kékeré kan tó tẹ orí ba bí ọ̀pá àgbà.

"Bàbá, imú rẹ̀ nìyí. Ibẹ̀ ló ń gbà mí lójoojúmọ́. Bí a bá ń rọ omi sí i, èémí á gba ibẹ̀ jáde. Bí a bá ń fà á, afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ wọlé." Ó wá fi ẹsẹ̀ kan ìdérí irin ńlá kan tó fẹ̀ tó ọpọ́n ìfọṣọ, tó kàn jókòó jẹ́ẹ́ láìsí nọ́ọ̀tì kankan tó dè é. "Èyí lẹnu rẹ̀. Kì í sábà là á. Ọjọ́ tí iná bá ń jó o lára ló máa là á. Omi inú rẹ̀ á máa hó, èémí gbígbóná á gbé ìdérí yìí fúnra rẹ̀, á tú jáde, ara á tù ú. Ẹ ò gbọdọ̀ gbé nǹkankan lé e o."

"Bí wọn ò bá wá jẹ́ kó là á ńkọ́?"

"Á bẹ́ nìyẹn, Bàbá. Ẹni tó bá dúró tì í ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó bẹ́."

Mo ń mi orí bí alángbá. Ìrẹsì tó wà nínú kúlà mi nísàlẹ̀ ni mo ń rò.

Yàrá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì tí a ti máa ń yáná. Àga kan ṣoṣo ló sún mọ́ hítà. Ọmọbìnrin Yorùbá kan tó ń kàwé ní yunifásítì, tó ń ṣiṣẹ́ pọ́ǹpù lọ́dọ̀ wa láti fi rówó ilé ìwé, ló máa ń kọ́kọ́ dé, òun ló sì máa ń jókòó síbẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. Daddy ló ń pè mí, á sì bu oúnjẹ rẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àga yẹn, kò jẹ́ gbà. Mo wá ronú ọgbọ́n.

"Ìwọ ọmọ yìí," mo ní, "o kẹ́yìn sí táǹkì kẹta, o tún ń jẹun?"

"Kí ló wà ńbẹ̀, Daddy?"

"Wọn ò tíì sọ fún ẹ? Ọkùnrin kan wà nínú ẹ̀. Wẹ́dà ni. Ó wọ inú ẹ̀ lọ jó irin nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, wọ́n gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì rọ tíńnà lé e lórí. Ẹni tó bá kẹ́yìn sí i, tó ń jẹun, òun ló máa ń kanlẹ̀kùn sí."

"Daddy, abeg! Ẹ̀yin náà ti tún dé."

"Èmi ò sọ nǹkankan o. Máa jẹun ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ó yí àga padà. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní ooru ń mú òun nídìí hítà, ó lọ jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé. Mo jókòó sórí àga. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi gbádùn rẹ̀, mo ń jẹ ìrẹsì rẹ̀, mo tún ń bù kún ìtàn wẹ́dà mi: mo ní ó níyàwó, mo ní ó máa ń kọrin.

Ọjọ́ Tuesday kan ni ọmọbìnrin náà sáré wọlé, táńkà ń rọ tíńnà sínú táǹkì kẹta lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ti funfun bí ẹni kun ẹfun.

"Daddy, ó ń kàn o."

"Kí ló ń kàn?"

"Ẹ wá gbọ́."

Mo bá a jáde. Yìnyín ń já bọ́ láìdún rárá, bí ó ṣe máa ń já. Pọ́ǹpù ń kùn. Láti òkè, níbi tí a ò ti rí nǹkankan, mo gbọ́ ọ: *kó.* Ó dákẹ́. *Kó.* Ó tún dákẹ́, ó pẹ́ díẹ̀. *Kó.* Bí ìgbà tí àlejò tó mọ ìwà hù bá ń kanlẹ̀kùn, tó ń dúró kí wọ́n dá a lóhùn.

Èmi ni mo dá ọkùnrin yẹn. Mo mọ̀ pé kò sí. Mo mọ ọjọ́ tí mo bí i, mo mọ àga tí mo tìtorí ẹ̀ bí i. Ó sì ń kanlẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tí táńkà bá ń rọ omi sí táǹkì kẹta, á bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ò jẹ́ dá lọ sídìí rẹ̀ mọ́. Èmi tí mo gba àga, mi ò lè kẹ́yìn sí fèrèsé mọ́. Ó yẹ kí n sọ fún ọ̀gá wa. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ? Pé irọ́ tí mo pa ti ń kanlẹ̀kùn?

Ọjọ́ Friday, lọ́sàn-án, mo gun orí rẹ̀ lọ kó yìnyín. Táńkà ń rọ omi sí i lọ́wọ́. Òtútù ọjọ́ yẹn le tó bẹ́ẹ̀ tí mo tutọ́, tí itọ́ náà di òkúta kó tó balẹ̀, tó fò, tó lu bàtà mi. Èyí kì í ṣe irọ́ púpọ̀. Nígbà tí mo dé òkè, mo rí i pé yìnyín ti bo imú kékeré rẹ̀ bí fìlà, ó ń dán bí dígí. Ó wù mí í wò. Mi ò ronú kọjá bẹ́ẹ̀.

Ìdérí ńlá náà ló ń kàn. Á gbé ara rẹ̀ sókè bí ìwọ̀n ìka kan, á padà bọ́: *kó.* Mo kúnlẹ̀, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ọmọ tuntun rí, tẹ́ ẹ ti fọwọ́ kan àwùjẹ̀ rẹ̀, ẹ mọ bó ṣe máa ń ru sókè tí á tún wálẹ̀ lábẹ́ ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Èémí kan ń jáde létí ìdérí, ó ń rùn bí ọ̀dà, ó kọ lu imú mi, orí mi fẹ́ yí. Mo ṣàkíyèsí pé nígbà tí mo bá mí síta, òun náà ń mí síta. Mo sé èémí mi láti fi dán an wò. Ìdérí náà dúró. Mo ní mo sé èémí, ó sì dúró, ó ń retí mi.

Èmi ni mo kọ́kọ́ tú èémí. Òun náà tú u.

Nígbà tí ìyàwó mi wà láyé, tó bá ń se mọ́ínmọ́ín, tí ìdérí ìkòkò bá ń jó, òkúta ló máa ń gbé lé e, á ní, "Ìwọ, jókòó jẹ́ẹ́." Ìkòkò á sì jókòó. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn nìyẹn. Mo dúró títí wọ́n fi pa pọ́ǹpù nísàlẹ̀, tí ìdérí náà rọra sinmi, bí ìgbà tí èèyàn ń dúró de ọmọ kó sùn. Mo wá yọ wáyà tó wà lápò mi, irú èyí tí wọ́n fi ń so irin pọ̀ tí wọ́n bá ń kọ́lé. Mo tì í bọ abẹ́ etí ìdérí náà, mo wé e mọ́ irin ìfọwọ́mú, ìlọ́po mẹ́rin níhà ìhín, ìlọ́po mẹ́rin níhà ọ̀hún, mo fi pínsà lọ́ ọ títí ó fi ń dún. Mo ní, "Ìwọ, jókòó jẹ́ẹ́."

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ọmọbìnrin náà bi mí pé, "Daddy, ó ti dákẹ́. Kí lẹ ṣe?"

"Mo bá a sọ̀rọ̀," mo ní.

Ọjọ́ Monday tó tẹ̀lé e, kí aago méjìlá tó lù, táńkà kan wọlé láti wá já tíńnà. Kò tíì so rọ́bà mọ́ra tí iná fi ṣẹ́ yọ lábẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Dírẹ́bà bẹ́ sílẹ̀, ó sáré. Ọmọbìnrin wa tẹ bọ́tìnnì tó ń pa gbogbo pọ́ǹpù, òun náà sáré. Gbogbo wa kóra jọ sẹ́nu géètì bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ká tó ka ara wa tán, ikùn táńkà náà ti là, iná ti ṣàn bí omi lọ sídìí táǹkì kẹta, ó jókòó síbẹ̀, ó ń lá a.

Àwọn panápaná tètè dé. Obìnrin kan ló ṣáájú wọn, ohùn rẹ̀ kò ga rárá. Ó rán àwọn mẹ́fà lọ sídìí táǹkì kẹta pẹ̀lú rọ́bà ńlá, kí wọ́n máa da omi sí i lára. Omi bá iná pàdé, kùrukùru funfun gba gbogbo ọgbà. Àwọn mẹ́fà náà wọ inú rẹ̀, a ò rí wọn mọ́, ìbòrí pupa wọn nìkan ni ó ń hàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó tún ń pòórá.

Táǹkì kejì ló kọ́kọ́ dún. Ìdérí rẹ̀ gbéra, èémí tú jáde níbẹ̀, *ṣíìììì*, bí ẹni tí wọ́n ní kó dákẹ́ tí kò fẹ́. Lẹ́yìn náà ni táǹkì kẹrin gbà á. Ọmọbìnrin wa di etí rẹ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n olórí panápaná mi orí, ó sọ nǹkan fún ọ̀gá wa, ọ̀gá wa sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún wa: "Ó ní kò burú. Ó ní bí wọ́n bá ń pariwo, wọ́n ń mí nìyẹn. Ká jẹ́ kí wọ́n pariwo."

Mo wo táǹkì kẹta. Ìdí òun gan-an ni iná wà. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń wú, ó ń pọ́n, ó ń bó bí awọ ejò. Àwọn méjì tó jìnnà sí iná ju òun lọ ń ké. Òun dákẹ́. Mi ò tíì gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, bí ẹni tó sé èémí, tó ń wò mí.

Olórí panápaná náà rí i. Ó bi ọ̀gá wa bóyá òfìfo ni táǹkì yẹn. Ọ̀gá wa ní rárá, ó kún ju àbọ̀ lọ, bóyá omi tí wọ́n ń dà sí i lára ló ń tù ú. Obìnrin náà tún wo ibẹ̀.

Mo lọ bá ọ̀gá mi, mo fa aṣọ rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ ní kí wọ́n kúrò níbẹ̀. Mo so ìdérí yẹn."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe báyìí."

"Wáyà ni mo fi so ó. Ọjọ́ Friday. Kò lè là á."

"Bàbá!" Ojú rẹ̀ ò kúrò lára iná. "Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òjìji yín di yìnyín mọ́ ara ògiri, pé ẹ fi ṣọ́bìrì ha á kúrò? Ẹ má fi ti àwọn èèyàn yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn èèyàn wà níbẹ̀."

"Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn!"

"Daddy, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́," ni ọmọbìnrin náà wí, omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ ní wẹ́dà, ẹ ní òjìji, ó tó gẹ́ẹ́."

Mo wò wọ́n. Mo rí i pé bí mo bá pariwo, wọ́n á ní mo ń ṣeré. Bí mo bá sunkún, wọ́n á ní mo mọ̀ ọ́n ṣe. Kò sí ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu mi tí mi ò tíì fi purọ́ rí. Ohun kan ṣoṣo ni mi ò tíì fi purọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, torí bàbá mi pa á fún mi léèwọ̀, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí títí dòní.

Kọ́kọ́rọ́ géètì wà ní bẹ́líìtì mi, irin ńlá ni, ó gùn tó ìka àárín. Láti àárọ̀ ló ti wà nínú òtútù. Mo yọ ọ́, mo dúró níwájú ọ̀gá mi kó lè rí mi. Mo ní, "Bí mi ò bá so ìdérí yẹn, kí irin yìí pa mí kí oòrùn òní tó wọ̀." Mo wá gbé kọ́kọ́rọ́ náà lé ahọ́n.

Ó lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Nàìjíríà, ẹ ò lè mọ̀. Irin òtútù ibí máa ń di ẹran ara mú bí eyín ajá. Mo fẹ́ fà á yọ, ahọ́n mi bá a jáde. Mo dúró síbẹ̀, ẹnu ṣí, kọ́kọ́rọ́ ń fì níwájú àgbọ̀n mi, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Olórí panápaná ń wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè.

Ọ̀gá mi kò rẹ́rìn-ín. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ, ó máa ń gba ààwẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni. Ó mọ ohun tó túmọ̀ sí pé kí àgbàlagbà ki irin bọ ẹnu, kó pe ikú sórí ara rẹ̀. Mo rí i bí ẹ̀jẹ̀ ṣe kúrò lójú rẹ̀.

"Ẹ̀yin? Ẹ fi irin búra?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kọ́kọ́rọ́ náà lu eyín mi.

Ó yíjú sí obìnrin náà, ó di apá rẹ̀ mú, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ ní gbólóhùn kan. Mi ò mọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ "wire". Obìnrin náà ò bèèrè ìbéèrè kankan. Ó gbé rédíò sẹ́nu, ó sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Nínú kùrukùru, ìbòrí pupa kan jáde, ó ń sáré. Èkejì. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin jọ jáde. Ẹ̀karùn-ún ṣubú, ó dìde. Rọ́bà tí wọ́n fi sílẹ̀ ń jà nílẹ̀ bí erè. A ń retí ẹ̀kẹfà. Obìnrin náà ń kà á lẹ́nu láìjẹ́ kí ohùn jáde. Táǹkì kẹta wú. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Ikùn rẹ̀ yọ síta bí ìgbà tí èèyàn bá fa èémí sínú, tí kò fẹ́ tú u mọ́ láé.

Ẹ̀kẹfà jáde.

Mi ò lè sọ pé mo gbọ́ ìró. Ilẹ̀ ló gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ mi ló sọ fún mi. Gbogbo òrùlé táǹkì náà ṣí kúrò bí ìdérí agolo, ó ga sókè, ó ń yí, kò kánjú, iná sì tẹ̀ lé e lọ sókè bí igi ọ̀pẹ. Ó wá já bọ́ sínú kùrukùru. Nígbà tí afẹ́fẹ́ gbá kùrukùru náà lọ, a rí ibi tó bọ́ sí. Orí rọ́bà náà ni, níbi tí àwọn mẹ́fà ti dúró. Àwọn mẹ́fà náà ń wò ó. Ọ̀kan nínú wọn jókòó sínú yìnyín, ó bọ́ ìbòrí rẹ̀, ó gbé e lé ẹsẹ̀, kò sì dìde fúngbà pípẹ́.

Tíì gbígbóná ni ọmọbìnrin wa fi yọ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu mi. Ó ń dà á sí i díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ pé, "Sorry, Daddy. Sorry." Awọ ahọ́n mi lọ pẹ̀lú irin náà. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi lè sọ̀rọ̀. Ọmọ mi ní ilé ò tíì tòrò bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá mi pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní òun ti bá àwọn tó wá yẹ ọgbà wò sọ̀rọ̀. Yìnyín ló dí imú táǹkì náà, kò rí ibi mí, ìdí nìyẹn tó fi ń fi ẹnu mí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń rọ omi sí i.

"Bẹ́ẹ bá sọ fún mi pé ó ń kàn ni, Bàbá. Ọ̀rọ̀ kan péré. Omi gbígbóná là bá fi yọ yìnyín náà."

Ó gbé bébà àti bírò síwájú mi. Ó ní kí n kọ ohun tí mo ṣe, kí n kọ ọ́ ní Yorùbá, òun á sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì fún wọn. Ó ní kí n mọ̀ pé bí mo bá ti kọ ọ́, iṣẹ́ mi tán, òun ò lè gbà mí sílẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti kọ nǹkan tó ju orúkọ mi lọ. Mo kọ ọ́ láti aago mẹ́sàn-án títí ó fi kọjá mọ́kànlá. Mo kọ àga, mo kọ wẹ́dà, mo kọ bí mo ṣe sé èémí tí ìdérí dúró dè mí. Mo kọ wáyà, ìlọ́po mẹ́rin lọ́tùn-ún, ìlọ́po mẹ́rin lósì.

Ó kà á. Nígbà tó dé àárín, ó gbójú sókè.

"Bàbá, èyí tẹ́ ẹ ní ẹ gbà pé èèyàn wà nínú ẹ̀ yìí, ṣé kí n yọ ọ́ kúrò? Wọ́n á fi yín rẹ́rìn-ín. Mo lè kọ ọ́ pé ariwo ló ń dí yín lọ́wọ́."

Mo mi orí pé rárá.

Ó fa bébà tirẹ̀ sún mọ́ra, ó sì kọ ọ́ bí mo ṣe kọ ọ́.